Bí A Bá Rán Ni Níṣẹ́ Ẹrú: Ìgbọràn àti Òótọ́ Lẹ́nu Ẹ̀kọ́ṣẹ́

Bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Nàìjíríà fọ́n ká sí àwọn iléeṣẹ́ tí wọn yóò ti kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é, olùkọ́ kan a máa pè wọ́n jọ sínú gbọ̀ngàn láti kì wọ́n nílọ̀. Kí wọ́n máa tètè dé ibi iṣẹ́. Kí wọ́n wọ aṣọ tó bójú mu. Kí wọ́n kí ọ̀gá, kí wọ́n kí igbákejì rẹ̀, kí wọ́n má sì gbójú fo ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Kí wọ́n má ṣe máa tẹ fóònù níwájú àgbà. Ohunkóhun tí ọ̀gá bá ní kí wọ́n ṣe, kí wọ́n ṣe é láìjiyàn. Ìmọ̀ràn rere ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ bí a ṣe ń kí ènìyàn yóò kó ìtìjú bá ara rẹ̀ àti ilé-ẹ̀kọ́ tó rán an. Ṣùgbọ́n èyí tó kẹ́yìn nínú ìkìlọ̀ wọ̀nyí yàtọ̀ sí àwọn yòókù. Aṣọ ní ìwọ̀n, ìkíni ní ìwọ̀n, aago pàápàá ní ìwọ̀n. "Ohunkóhun" kò ní ìwọ̀n. Òun ni àròkọ yìí fẹ́ yẹ̀ wò.

Ètò tó ń gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí lọ ti pẹ́ díẹ̀. Ní 1971 ni ìjọba dá Industrial Training Fund sílẹ̀, àjọ tí olú-iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Jos. Ní 1973 ni àjọ náà gbé ètò SIWES kalẹ̀, nítorí pé àwọn agbanisíṣẹ́ ń ráhùn pé àwọn tó ń jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ mọ ìwé ṣùgbọ́n wọn kò mọ iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì a máa lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu rẹ̀, ti pólì a lo oṣù mẹ́rin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn kì í pe orúkọ gígùn náà, "I.T." ni wọ́n ń pè é. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń gba ìwé kan tí ń jẹ́ logbook. Inú rẹ̀ ni yóò máa kọ ohun tó ṣe lójoojúmọ́ sí. Ọ̀gá tó ń tọ́ ọ sọ́nà níbi iṣẹ́ yóò máa kà á, yóò sì máa buwọ́ lù ú. Olùkọ́ láti ilé-ẹ̀kọ́ yóò bẹ̀ ẹ́ wò, yóò yẹ ìwé náà wò, máàkì yóò sì tẹ̀lé e.

Kí ìwé tó dé ni gbogbo ẹ̀yà tó wà ní ilẹ̀ yìí ti mọ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Láàrin àwọn Yorùbá, òbí a máa mú ọmọ lọ bá télọ̀ tàbí mẹkáníìkì, wọn a ṣe àdéhùn, wọn a san owó, ọmọ a sì lo iye ọdún tí wọ́n fẹnu kò sí kí wọ́n tó ṣe fíríìdọ̀mù fún un. Láàrin àwọn Ìgbò, nínú ètò tí wọ́n ń pè ní ịgba bọị, òbí kì í sanwó. Ọmọ náà a máa gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá, a sìn ín fún ọdún púpọ̀, ọ̀gá a sì fún un lówó òwò tirẹ̀ nígbà tí àsìkò bá pé. Àwọn Hausa a máa so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọ tó ṣeé tọ́: ladabi da biyayya, ìyẹn ọ̀wọ̀ àti ìgbọràn. Ọ̀rọ̀ Yorùbá náà, ọ̀gá, ti di ti gbogbo Nàìjíríà; bí wọ́n ṣe ń pè é ní Ìbàdàn ni wọ́n ń pè é ní Enugu àti Kaduna. Níbi gbogbo, ìgbọràn ni owó tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ń san, yálà ó tún san owó mìíràn tàbí kò san.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré ìgbọràn yìí. Ìdí pàtàkì wà fún un. Bí ọ̀gá télọ̀ bá wo apá aṣọ tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rán, tí ó sì ní, "Tú u," ọmọ náà lè máa wò ó pé kò sí ohun tó ṣe é. Ojú rẹ̀ kò tíì mọ ohun tó wọ́. Títú tí ó ń tú u ni ojú rẹ̀ yóò fi là. Ẹni tó bá ní òun kò ní í tú aṣọ àyàfi tí òun bá kọ́kọ́ rí ibi tó ti wọ́ kò ní í rí i láéláé. Nípa báyìí, ìgbọràn jẹ́ ọ̀nà kan tí ìmọ̀ ń gbà wọlé, kì í ṣe ìtẹríba lásán. Àwọn tó ń fi gbogbo ẹnu bu ẹnu àtẹ́ lu ìgbọràn nínú ẹ̀kọ́ ilẹ̀ wa kì í sábà rántí èyí.

Síbẹ̀, àṣà tó kọ́ ọmọ ní ìgbọràn kan náà ló pa òwe tí gbogbo olùkọ́ èdè Yorùbá mọ̀: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí yẹ ní àtúpalẹ̀ nítorí pé ó wọ́pọ̀ débi pé a kì í gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́. Ó gbà pé iṣẹ́ tí kò dára wà, àti pé ẹni tó ní àṣẹ lórí ẹni lè rán ni ní irú rẹ̀. Kò ní kí ẹni tí a rán kọ̀ ọ́. Kò sì ní kí ó jẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe rán an. Ó la ọ̀nà kẹta: kí ẹni tí a rán fi òye ara rẹ̀ tún iṣẹ́ náà ṣe ní ojú ọ̀nà, kí ohun tí yóò dé ibi tí ó ń lọ má jẹ́ ohun tó jáde lẹ́nu ẹni tó rán an. Ẹrú inú òwe yìí ń jẹ́ iṣẹ́ kí ẹgba má bà á. Ọmọ ń jẹ́ tirẹ̀ nítorí pé ó ní ìpín nínú orúkọ ilé. Bí iṣẹ́ náà bá ba orúkọ ilé jẹ́, ti òun náà bàjẹ́. (Òwe náà kò ṣe òdodo sí ẹrú, bí ẹni pé ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú kò ní làákàyè tirẹ̀. Ó gbé òórùn ìgbà tí wọ́n pa á dání, kò sì sí bí a ṣe lè fọ ọ́ kúrò lára rẹ̀.)

Ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀ náà yẹ fún àfiyèsí. Jíjẹ́ ni a ń jẹ́ iṣẹ́. A tún máa ń jẹ́ ẹ̀rí, a máa ń jẹ́ ẹ̀jẹ́, a sì máa ń jẹ́wọ́. Yálà gbòǹgbò kan náà ni gbogbo wọn ti hù tàbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìró wọn bára mu, ohùn wọn bára mu, ohun kan sì wà tó pa wọ́n pọ̀: nínú gbogbo wọn, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fi ara rẹ̀ dúró lẹ́yìn ohun tó ń sọ. Ẹni tó ń jẹ́ iṣẹ́ kì í ṣe páìpù tí ọ̀rọ̀ kàn ń gbà kọjá.

Kí ọ̀rọ̀ yìí má bàa dúró sójú òfuurufú, ẹ jẹ́ kí a gbé e sórí ilẹ̀. Ká ní wọ́n rán akẹ́kọ̀ọ́ pólì kan, tí ó ń kọ́ iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, lọ sí iléeṣẹ́ omi ẹ̀rọ ìjọba ní ìlú kan. Láràárọ̀ ni ó ń bu omi tó ń jáde lọ sí ìgboro, tí ó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kiloríìnì tí wọ́n fi pa kòkòrò àrùn inú rẹ̀ ṣì ṣẹ́kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí èyí tó ṣẹ́kù má dín ní mílígíráàmù 0.2 nínú lítà kan níbi tí omi ti ń dé ọwọ́ àwọn tó ń lò ó. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò kò ṣòro. Wọn a bu omi sínú ìgò kékeré, wọn a ju oògùn kan tí ń jẹ́ DPD sí i, omi náà a sì di pupa rẹ́súrẹ́sú. Bí kiloríìnì bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe pọ́n tó. Wọn a fi àwọ̀ rẹ̀ wé àwọ̀ tó wà lára òṣùwọ̀n, wọn a sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà tí akẹ́kọ̀ọ́ yìí dé, oògùn DPD tán. Wọ́n ti kọ̀wé béèrè òmíràn, owó kò tíì jáde. Ọjọ́rú kọjá, Ọjọ́bọ̀ kọjá, Ọjọ́ Ẹtì kọjá, kò sí ẹni tó yẹ omi wò. Ní Ọjọ́ Ajé ó yẹ kí fọ́ọ̀mù ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ sí olú-iléeṣẹ́. Ọ̀gá wá sọ fún un pé: "Kọ 0.3 sí ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Omi yẹn kì í yí padà. Kí o sì kọ ọ́ sínú logbook rẹ náà pé o yẹ̀ ẹ́ wò, kí n lè buwọ́ lù ú fún ọ."

Ọ̀gá yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Òun ló kọ́ ọmọ náà bí a ṣe ń di ìgò àyẹ̀wò mú. Ó máa ń bu nínú oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ fún un, "ọmọ mi" ni ó sì ń pè é. Kò béèrè owó, kò sì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lójú tirẹ̀, oore ni ó ń ṣe: kò fẹ́ kí ìwé ọmọ náà ní àlàfo nígbà tí olùkọ́ rẹ̀ bá dé. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ ti olè, ìdáhùn rẹ̀ kò ní í pẹ́. Ohun tó mú un ṣòro ni pé ìfẹ́ wà nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ gbèjà ọ̀gá kò ní í wá òwe tì. Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, ọmọdé kò lè rí i lórí ìdúró. Ọ̀gá tó ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ omi mọ bí kiloríìnì ṣe ń lọ bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe dáadáa kí ó jẹ́ 0.3 ló wà nínú omi náà ní ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ó bá wá rí bẹ́ẹ̀, irọ́ wo ni ọmọ náà pa?

Èdè Yorùbá ní ohun èlò tí a lè fi dá ìbéèrè yìí lóhùn. Ní 1986, Barry Hallen àti J. O. Sodipo, tí àwọn méjèèjì ti kọ́ni ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, tẹ ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Èkìtì sọ. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn oníṣègùn náà kì í lo "mọ̀" àti "gbàgbọ́" bí ẹni pé ìlàjì ara wọn ni. Ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni ó mọ̀. Ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn tí ó sì gbà, ìgbàgbọ́ ni, bó ti wù kí ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ tó. A lè bá àwọn òǹkọ̀wé méjèèjì jiyàn pé ààlà tí wọ́n fà ti le jù; nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, Yorùbá a máa sọ pé òun mọ̀ pé ìlú kan wà tí òun kò dé rí. Ṣùgbọ́n pé ààlà náà wà, kò ṣeé jiyàn. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Nínú ìwé mìíràn tí Hallen tẹ̀ jáde ní 2000, ó fa ọ̀rọ̀ náà wọ inú ìwà: ẹni tó bá ń sọ ohun tí ó gbọ́ bí ẹni pé ó rí i, kì í ṣe ìmọ̀ rẹ̀ nìkan ló mẹ́hẹ, ìwà rẹ̀ náà ní àbùkù.

Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀, a ó rí i pé ìgbàgbọ́ ọ̀gá nípa omi náà lágbára, ó sì ní ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ ni. Ohun tí yóò wà nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe "omi ní 0.3", "mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo rí 0.3" ni. Gbólóhùn àkọ́kọ́ lè jẹ́ òótọ́. Èkejì jẹ́ irọ́ bí ti àkọ́kọ́ bá tilẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ojú ọmọ náà ni ọ̀gá fẹ́ yá, láti fi wo ohun tí ẹnikẹ́ni kò wò. Òwe àgbà tó jókòó kò sì ràn án lọ́wọ́ níbí, nítorí pé òwe náà ń sọ nípa ìwòye. Ọgbọ́n ọdún lè jẹ́ kí àgbà lóye ohun tí ọmọdé rí tí kò yé e. Kò lè jẹ́ kí ó rí omi tí a kò bù. Ní ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ẹni tó jókòó kò rí i, ẹni tó dúró kò rí i.

Ibí yìí ni a ti lè rí ìwọ̀n tí "ohunkóhun" kò ní. Nígbà tí ọ̀gá bá pàṣẹ ohun tí kò yé akẹ́kọ̀ọ́, kí ó ṣe é, kí ó máa béèrè bí ó ti ń ṣe é. Apá aṣọ télọ̀ ni. Nígbà tí ọ̀gá bá pàṣẹ pé kí ó jẹ́rìí sí ohun tí kò rí, ọ̀rọ̀ ti kúrò lábẹ́ ìgbọràn. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Ní 2021, àrùn onígbáméjì pa ju 3,000 ènìyàn lọ ní Nàìjíríà, omi tí kò mọ́ sì ni ọ̀nà pàtàkì tí àrùn náà ń gbà. Ọjọ́ tí kiloríìnì bá tán nínú omi ìlú, nọ́ńbà tí ẹnì kan rí ní tòótọ́ ni yóò ké gbàjarè. Èyí tí wọ́n kọ láti inú orí kò lè ké, 0.3 ni yóò máa jẹ́ títí.

Báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ yìí yóò ṣe wá jẹ́ iṣẹ́ ẹrú bí ọmọ? Àwọn tó ń kọ́ni lédè ní ohun tí wọ́n lè sọ níbí ju àwọn tó ń kọ́ni ní kẹ́mísírì lọ. Èdè Yorùbá ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ọmọdé láti bá àgbà sọ òótọ́. Ọmọdé tó fẹ́ pa òwe níwájú àgbà a kọ́kọ́ sọ pé, "Tótó ó ṣe bí òwe o". Àgbà a sì dáhùn pé yóò rí òmíràn pa. Nínú ìpààrọ̀ kékeré yìí, ọmọdé gbà pé àyè náà kì í ṣe tòun, àgbà sì fún un ní àyè náà. A kì í sọ fún àgbà pé ó purọ́. Wọn a ní ọ̀rọ̀ náà "kò rí bẹ́ẹ̀". Ìbéèrè a máa gba ipò gbólóhùn. Akẹ́kọ̀ọ́ náà lè ní: "Ẹ ṣeun, ọ̀gá mi. Ẹ má bínú o, sà. Ṣé kí n kúkú kọ ọ́ pé oògùn tán láti Ọjọ́rú, kí àwọn olú-iléeṣẹ́ lè rí i pé a ti béèrè tí wọn kò fún wa? Kí wọ́n má bàa di ẹ̀bi rù yín lọ́jọ́ iwájú."

Kò fẹ̀sùn kàn án. Kò sọ ọ̀rọ̀ nípa òótọ́ àti irọ́. Ó gbé iṣẹ́ náà, ó sì dá a padà fún ọ̀gá ní ọ̀nà tí yóò fi dára fún ọ̀gá ju bí ó ti rán an lọ, nítorí pé àkọsílẹ̀ pé oògùn tán ni yóò gba ọ̀gá sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ omi náà bá di ẹjọ́. Ohun tí òwe náà ń sọ gan-an nìyí. Ṣùgbọ́n kí ó ṣọ́ra kí ọgbọ́n ọ̀rọ̀ má di ẹ̀tàn. Bí ọ̀gá kò bá kọ́ ọ rí pé ohun tí ìgò kò fi hàn kò gbọdọ̀ wọ ìwé, kí ó má sọ pé ẹnu ọ̀gá ni òun ti gbọ́ ọ, kó kàn lè dùn mọ́ ọn nínú. Irọ́ tí a fi sá fún irọ́ kò gbé ni jìnnà.

Ìṣòro kan wà tí àwọn tó ń kìlọ̀ nínú gbọ̀ngàn kì í rí. Ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì kò sì ní "ẹ" ọlọ́wọ̀, kò ní "tótó". Ọmọ Yorùbá tí wọ́n rán lọ sí Enugu yóò rí i pé èdè Ìgbò náà kì í fi arọ́pò-orúkọ ọlọ́pọ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan bí Yorùbá ti ń ṣe. Àwọn náà ní ọ̀nà tiwọn, ṣùgbọ́n kò tíì mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ohun tí ó fi ń rọ ọ̀rọ̀ lójú bá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan nínú méjì ló sábà ń ṣẹlẹ̀: kí òótọ́ jáde ní ìhòòhò, tí wọn yóò pè é ní àfojúdi, tàbí kí ó má jáde rárá. Èyí kejì ló wọ́pọ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń pè ní ojo lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, àìrí èdè sọ ọ́ ni.

Òwe kì í sì í ṣe oògùn. Ọ̀gá lè gbọ́ gbogbo rẹ̀ kí ó ní, "Ṣé ìwọ ni yóò wá kọ́ mi níṣẹ́? Kọ ohun tí mo ní kí o kọ." Àwọn kan yóò ní kí ọmọ náà kọ ọ́ nígbà náà, kí ẹ̀bi wà lọ́rùn ẹni tó rán an. Wọ́n lè tọ́ka sí òwe mìíràn: ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ó dára. Ta wá ni ó rán akẹ́kọ̀ọ́ náà? Iṣẹ́ omi, ọ̀gá ló rán an. Ṣùgbọ́n logbook kì í ṣe ìwé ọ̀gá. Ilé-ẹ̀kọ́ ló fi lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, "mo" tó wà nínú gbogbo gbólóhùn rẹ̀ kò sì tọ́ka sí ẹlòmíràn. Fọ́ọ̀mù iléeṣẹ́ wà lábẹ́ àṣẹ ọ̀gá. Bí ó bá fẹ́ kọ 0.3 sí i, ọwọ́ rẹ̀ wà, kí ó fi kọ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ fi tirẹ̀ kọ ọ́. Bí olùkọ́ rẹ̀ bá dé, ó yẹ kí ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Pé kí ọmọ olóṣù mẹ́rin tún gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sórí rédíò, èyíinì ti ju ẹrù tó yẹ ní orí rẹ̀ lọ, bí àwọn tó dàgbà jù ú lọ bá ṣì wà nílé.

Gbogbo ọ̀rọ̀ ìrọni-lójú yìí kò sì kan irú àṣẹ kan. Bí ọ̀gá bá ń fi ìbuwọ́lùwé rẹ̀ wá ara akẹ́kọ̀ọ́, kò sí òwe tí a ó pa, kò sí ọ̀wọ̀ tí a ó tọ́jú. Kí ó jáde kúrò níbẹ̀, kí ó sì sọ fún ẹni tó lè gbà á sílẹ̀ kíákíá. Bí ìkìlọ̀ inú gbọ̀ngàn kò bá sọ èyí ní gbangba, kò tíì sọ nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ kù síbì kan, ibẹ̀ ló sì kan àwọn olùkọ́. Òwe náà fi gbogbo ìnira lé ẹni tí a rán lórí. Kò bá ẹni tó rán ni wí. Ọ̀gá fẹ́ kí fọ́ọ̀mù kún nítorí pé olú-iléeṣẹ́ kì í gba èyí tó ní àlàfo. Ó fẹ́ kí logbook kún nítorí pé ó mọ ohun tí àwọn olùkọ́ ń wò. Kò sì ṣìnà. Olùkọ́ tó ní ọgbọ̀n akẹ́kọ̀ọ́ láti bẹ̀ wò ní ìlú márùn-ún kò ní àsìkò láti béèrè bí nọ́ńbà kan ṣe dé inú ìwé. Ó ń ṣí i gààràgà, ó ń wo bóyá ojú-ewé kankan ṣófo. Ìwé tó kún ni ń gba máàkì. Kì í ṣe ohun àjèjì pé akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kàn ń rán lọ ra oúnjẹ láràárọ̀ yóò da ìwé ẹni tó ṣáájú rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí yóò sì yege ju ẹni tó kọ òótọ́ lọ. Nígbà náà, ta ni ó kọ́kọ́ rán ni níṣẹ́ ẹrú? Ẹni tó dúró nínú gbọ̀ngàn tó ní "ohunkóhun", tí kò sì sọ pé àlàfo tó ní ìdí kì í gba òdo.

Ká ní ọmọ inú àpẹẹrẹ yìí kò kọ 0.3. Ní Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀ àti Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kẹfà, ohun tó kọ ni: "Oògùn DPD tán. A kò yẹ omi wò." Ọ̀gá kò buwọ́ lu ojú-ewé náà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá olùkọ́ dé láti ilé-ẹ̀kọ́, àwọn ìwé akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn sì kún inú báàgì rẹ̀, ó ṣì ní ìlú méjì láti dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀gá kí i káàbọ̀, ó fún un ní àga. Akẹ́kọ̀ọ́ gbé logbook lé e lọ́wọ́, ó sì padà lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Olùkọ́ yọ bírò, ó ń ṣí ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kan ojú-ewé tí kò ní ìbuwọ́lùwé.